Aṣọ Ọlọ́pàá Tí Wọ́n Gbà Lọ́wọ́ Compton

Compton, ọmọ mi ọkùnrin,

Ṣé dáadáa lo wà ní Georgetown? Ṣé o ń jẹun kánú? Ẹni tó ń mú odò Canje ṣàn kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ kọ níbẹ̀. Èmi náà ń bẹ, orúnkún ń dùn mí, omi tún ti wọ abẹ́ ilé, ó sì ti rẹ̀ mí.

Lẹ́tà rẹ dé. O ní wọ́n ti mú ọ kúrò láàárín àwọn ọlọ́pàá tó ń wọṣọ iṣẹ́, o ti wà ní C.I.D. báyìí, aṣọ ilé ni wàá máa wọ̀. Mo sunkún, ọmọ mi. Mo ní kí lo ṣe tí wọ́n fi bọ́ aṣọ lọ́rùn rẹ, lẹ́yìn gbogbo sítáàṣì tí mo ti fi lọ àwọn ṣòkòtò yẹn? Mo gbé e lọ bá Tíṣà Bascom. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní ìgbéga ni, ó ní lẹ́tà kìíní dúró fún ìwà ọ̀daràn, ìkejì fún ìwádìí, ìkẹta fún ẹ̀ka iṣẹ́, àwọn tó ń tọpa olè ni. Mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, bẹ ọ̀gá rẹ kó yọ ti ìkíní yẹn kúrò lára orúkọ rẹ. Méjì tó kù ti tó.

Tíṣà ní torí kí ẹnikẹ́ni má baà dá yín mọ̀ lẹ ṣe ń wọ aṣọ ilé. Irọ́ ni, iṣẹ́ gidi kì í sá pamọ́. Mo ti rán ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan fún ọ, mo fi òwú pupa kọ C.I.D. gàdàgbà sí àpò àyà, mo tún kọ ọ́ sí ẹ̀yìn kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn náà lè bọ̀wọ̀ fún ọ. Wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ tó ń dùn mí rèé o. Lábúlé yìí, wọn kì í sọ pé o wà ní ẹ̀ka kankan, wọ́n ní o ti di CID ni, ẹni tó bá sì ti ń béèrè ọ̀rọ̀ jù, CID lòun náà. Wọ́n ti wá ń pe èmi náà bẹ́ẹ̀! Mo kàn bi Waveney aládùúgbò wa pé ṣé ọkọ rẹ̀ ti tinú igbó dé, ó ní kí n kọ̀wé sọ́mọ mi pé kò tíì dé. Nítorí ọtí tí ọkùnrin náà ń pọn nínú igbó mà ni, ọtí tí gbogbo wa jọ ń mu nígbà Kérésì! Má kọ ìyẹn síbì kankan o.

Nígbà tó di Ọjọ́ Àwọn Òkú, o mọ̀ pé gbogbo wa la jọ máa ń ro ibojì, tí a ó kùn wọ́n lẹ́fun. Waveney kun ti ọ̀tún, ó kun ti òsì, ó fo ti bàbá rẹ láàárín. Kò sẹ́ni tó ràn mí lọ́wọ́. Orí orúnkún yìí ni mo ti ro ó. Ó dùn mí wọra, Compton.

Nítorí náà, bẹ ọ̀gá rẹ kó yá ọ ní aṣọ iṣẹ́ rẹ àtijọ́ fún ọjọ́ Ìsinmi kan ṣoṣo. Wọ̀ ọ́ pẹ̀lú fìlà rẹ̀, wá bá mi rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó o ń wọ̀ ọ́, ojú fèrèsé ni àwọn ará abúlé ti máa ń pè wá pé ká wá gba máńgòrò.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún oògùn orúnkún àti òwú pupa, ó ti tán. Ọlọ́run á ṣọ́ ọ, ọwọ́ ibi kò ní tó ọ, wàá dàgbà, wàá darúgbó. Bí ọ̀gá bá sì bi ọ́ pé ọ̀ràn wo lo fẹ́ wá wádìí, sọ fún un pé ìyá àgbàlagbà kan wà létí Canje tí wọn kì í kí láàárọ̀ mọ́.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ismay