Ìṣẹ́jú Mẹ́rìndínláàádọ́ta: Ọ̀rọ̀ Ìkẹ́dùn sí Ẹbí Nọ́ọ̀sì Dorica Nankhwele

Ọ́fíìsì Ìlera Àgbègbè Nkhulande, ní gúúsù Màláwì
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Sí Bàbá Wyson Chikalamba, arákùnrin ìyá olóògbé, tí ọ̀rọ̀ ìdílé wà lọ́wọ́ wọn. Sí Màmá Estele Nasiwelo tó bí i lọ́mọ. Sí Ọ̀gbẹ́ni Lifa Mkolesya, ọkọ rẹ̀. Àti sí gbogbo ẹbí ní abúlé Namikute.

Pẹ̀lú ọkàn tó wúwo àti ojú tí kò ṣeé gbé sókè ni ọ́fíìsì yìí fi ń kọ̀wé sí yín lórí ikú Nọ́ọ̀sì Agbẹ̀bí Dorica Nankhwele, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, tó fi ayé sílẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ní nǹkan bí wákàtí méjì lẹ́yìn tó bí ọmọbìnrin kan ní Ilé Ìtọ́jú Namikute. Ọmọ náà yè, a sì dúpẹ́. Ìyá rẹ̀ ni a sin lọ́jọ́ Àìkú, gbogbo wa sì wà níbẹ̀.

Bàbá Wyson, ẹ rántí pé lẹ́yìn tí wọ́n bo sàréè tán, ẹ mú olórí ọ́fíìsì yìí, Dókítà Felix Kamtengo, sápá kan, ẹ bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Ẹ ní, "Dókítà, ọmọ wa tó ń ka ìṣẹ́jú fún gbogbo ènìyàn, ta ló ka tirẹ̀?" Ó fèsì pé ọ́fíìsì máa wádìí. Ẹ wò ó títí, ẹ sì lọ. Ìwé tí ẹ rí gbà lọ́wọ́ wa lọ́jọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e kò dáhùn ìbéèrè yín. Èyí ni ìdáhùn rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa ní sùúrù kà á dé òpin.

Ọdún mọ́kànlá ni Dorica fi bá wa ṣiṣẹ́. Mẹ́fà nínú rẹ̀ ló fi gbẹ̀bí. A kò mọ iye ọmọ tó gbà, òun náà kò kà wọ́n, ó ní ọmọ kì í ṣe usipa, ẹja wẹ́wẹ́ inú adágún, tí wọ́n ń kà lórí ẹní. Lẹ́yìn náà ni a fi í sí iṣẹ́ àyẹ̀wò, kí ó máa lọ káàkiri ilé ìtọ́jú ìjọba méjìlélógún tó wà ní àgbègbè yìí, kí ó máa wò ó bóyá wọ́n ti gbára dì láti gbẹ̀bí. Iṣẹ́ ìwé lásán la rò pé a fún un. Fọ́ọ̀mù olójú-ewé mẹ́rin ni, òpó méjì péré ló wà nínú rẹ̀: Ó wà. Kò sí. Ibùsùn ìbímọ, ó wà. Omi, kò sí. Abẹ́rẹ́ tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró lẹ́yìn ìbímọ, ó wà. Àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà ṣáájú rẹ̀ a máa parí ilé ìtọ́jú mẹ́ta lóòjọ́, wọn a sì tún ráyè jẹ ẹja chambo yíyan létí adágún kí wọ́n tó padà wálé.

Dorica kì í parí ju ẹyọ kan lọ. Bó bá dé, kì í jókòó sí yàrá ọ̀gá. Yàrá ìbímọ ló ń lọ tààrà, á dúró ti ibùsùn, á tẹ aago ọwọ́ rẹ̀, aago olójú ńlá tí ọkọ rẹ̀ fún un, èyí tí Ọ̀gbẹ́ni Lifa fi ń wọn eré sísá àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Á wá sọ fún nọ́ọ̀sì tó bá bá níbẹ̀ pé, "Ẹ̀jẹ̀ ń dà lára mi. Ẹ fún mi lábẹ́rẹ́." Kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ mọ́. Á máa wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń sáré, bí wọ́n ṣe ń ṣí dúrọ́ọ̀ kan dé òmíràn, títí abẹ́rẹ́ náà á fi dé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó ń dá aago dúró. Lẹ́yìn rẹ̀ ló ń lọ sí ilé tí àwọn aboyún ti ń dúró de ọjọ́ ìkúnlẹ̀, á bá wọn jókòó sórí ẹní, á bá wọn jẹ nsima, òkèlè ìyẹ̀fun àgbàdo, á sì bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n sọ fún wọn àti ohun tí wọn ò sọ.

Àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é ní Ìyá Aago. Bí àwọn ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà bá ti rí i lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lókèèrè, wọ́n á pariwo sínú ọgbà pé, "Ẹ gbéra o, Ìyá Aago ti dé, ẹ̀jẹ̀ ti ń dà lára rẹ̀!" Gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín, òun náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. A ò lè ronú kan ẹ̀rín yẹn mọ́ báyìí.

Ní oṣù Kejì, nígbà tí oyún rẹ̀ ṣì kéré, ó dé Namikute tí í ṣe abúlé rẹ̀. Ìgò abẹ́rẹ́ mẹ́wàá pé pérépéré nínú fíríìjì kékeré yàrá ìbímọ, wọ́n tò wọ́n bí eyín. Ṣùgbọ́n àgádágodo wà lẹ́nu fíríìjì náà, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ Ọ̀gbẹ́ni Gresham Thauzeni, ọ̀gá ilé ìtọ́jú náà, ẹni tó ti lọ síbi tí wọ́n ti ń lọ àgbàdo. Ìṣẹ́jú mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Dorica fi dúró. Nígbà tí Thauzeni dé pẹ̀lú ìyẹ̀fun lára aṣọ, ó ṣàlàyé pé abẹ́rẹ́ àyẹ̀wò nìyẹn. Fọ́ọ̀mù wa ló ní ìgò mẹ́wàá gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀, ilé ìtọ́jú tí tirẹ̀ bá dín sì máa pàdánù máàkì. Nítorí náà ni àwọn ọ̀gá ṣe kọ́ bí wọ́n ṣe ń ti mẹ́wàá pa fún ojú wa, kí wọ́n sì máa lo èyí tó bá lé. Ọ́fíìsì yìí mọ̀. A ò wí nǹkan kan, torí pé mẹ́wàá náà máa ń dùn ún wò nínú ìròyìn tí à ń fi ránṣẹ́ sí olú-ìlú.

Dorica bi Thauzeni pé, "Ọjọ́ tí ẹ bá wá lọ jìnnà ju ibi tí wọ́n ti ń lọ àgbàdo ńkọ́?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Sístà, níbo ni mo fẹ́ lọ? Èmi àti Namikute, ikú ló máa yà wá."

Dorica kọ ìṣẹ́jú mọ́kànlélọ́gbọ̀n sí etí fọ́ọ̀mù, ó fàlà sí i nídìí, ó sì kọ ọ́ pé ilé ìtọ́jú yìí kò tíì gbára dì. Dókítà Kamtengo pè é sí ọ́fíìsì. Ó ní kò sí ibi tí wọ́n ń kọ ìṣẹ́jú sí nínú fọ́ọ̀mù, pé abẹ́rẹ́ wà, bó bá sì ti wà, ó wà náà nìyẹn. Ó mú bírò pupa, ó fi pa nọ́ńbà náà rẹ́ lójú rẹ̀, ó sì fi àmì sí òpó Ó wà.

Dorica ò bá a jà. Ó kàn ní, "Ọ̀gá, ẹ̀jẹ̀ ò mọ ibi tí fọ́ọ̀mù parí sí o. Ẹ ò bá jẹ́ kó wà níbẹ̀, torí ẹnì kan ṣì máa bèèrè rẹ̀."

Ibi tí a dé yìí, ọ̀rọ̀ náà ò ṣeé fi orúkọ ọ́fíìsì sọ mọ́. Èmi Felix Kamtengo ni mo di bírò pupa yẹn mú. Èmi náà ni mo tún ṣètò ọjọ́ Ẹtì ọjọ́ burúkú yẹn, tí a pe àwọn ọ̀gá ilé ìtọ́jú méje tó gba máàkì jù lọ wá sí ìlú láti gba ìwé ẹ̀yẹ tí a fi dígí bò. Namikute wà lára wọn.

Dorica ti gba ìsinmi ìbímọ nígbà yẹn, ó ti wá sílé ìyá rẹ̀. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e ló fẹ́ wá sí ilé ìwòsàn ńlá ní ìlú, kí ó lè bímọ níbẹ̀. Ìrọbí mú un kí ọjọ́ tó pé. Màmá Estele ò fi falẹ̀ rárá. Wọ́n gbé e sórí kẹ̀kẹ́ akérò, àwọn fúnra wọn ń fẹsẹ̀ sáré tẹ̀lé e, ìwé ìgbàwọlé sì fi hàn pé aago mẹ́jọ kọjá ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n dé Namikute. Mo ti fi ojú ara mi rí ìwé náà. Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ọmọ wáyé, ó ké, ara ìyá rẹ̀ sì balẹ̀.

Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, Dorica tẹ aago ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ireen, ẹ̀jẹ̀ ń dà lára mi. Fún mi lábẹ́rẹ́."

Nọ́ọ̀sì Ireen, tó dá wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, sọ fún mi pẹ̀lú omijé pé òun kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó rò pé àyẹ̀wò ni. Ìgbà tó wo aṣọ ibùsùn ni ẹ̀rín náà gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Èyí tó lé lórí mẹ́wàá ti tán láti Ọjọ́rú. Ó pe Thauzeni nígbà mẹ́sàn-án. Gbọ̀ngàn wa ni Thauzeni wà, ó ti pa fóònù rẹ̀, torí pé èmi ni mo ní kí gbogbo ènìyàn pa fóònù wọn kí ètò má bàa dàrú. Ìgbà tí mo ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ tí wọ́n ń ya wá ní fọ́tò, kọ́kọ́rọ́ fíríìjì náà wà lápò rẹ̀.

Wọ́n rán ọlọ́dẹ lọ sílé Thauzeni, ìyàwó rẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́ ò ní èkejì. Ireen fi ọwọ́ kan tẹ ikùn Dorica, ó sì mú òkúta ní ọwọ́ kejì, ó kọjú sí fíríìjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ìwé kan lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni tó bá já àgádágodo ìjọba láìgba àṣẹ máa fojú winá òfin, iṣẹ́ rẹ̀ sì lè bọ́. Èmi ni mo fọwọ́ sí ìwé yẹn lọ́dún tó kọjá, nígbà tí wọ́n ń jí oògùn. Ireen ka orúkọ mi, ọwọ́ rẹ̀ sì wálẹ̀. Mi ò bá a wí. Èmi ni mo kọ́ ọ láti bẹ̀rù mi.

Màmá Estele ò mọ̀wé kà. Wọ́n lọ sí ibi ìdáná àwọn tó ń dúró ti aláìsàn, wọ́n mú ọmọ odó, wọ́n sì fi lu àgádágodo náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó já. Ìgbà tí abẹ́rẹ́ wọ Dorica lára, Ireen dá aago dúró gẹ́gẹ́ bí Dorica ṣe kọ́ ọ.

Dorica ṣì lajú. Ó bi í pé, "Ìṣẹ́jú mélòó?"

Ireen ní, "Mẹ́rìndínláàádọ́ta, Sístà."

Ó ní, "Kọ ọ́ sílẹ̀."

Kò tún sọ̀rọ̀ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Bàbá Wyson, òun fúnra rẹ̀ ló ka tirẹ̀.

Nínú ìwé ọjọ́bọ̀ yẹn, a kọ ọ́ pé ìdílé ló pẹ́ kí wọ́n tó gbé e wá, a sì pe Màmá Estele pé kí wọ́n wá wí tẹnu wọn lórí ohun ìní ìjọba tí wọ́n bà jẹ́. Ìròyìn kàn wá pé láti ọjọ́ yẹn ni àwọn ará abúlé ti ń yọ ṣùtì sí wọn, pé àwọn kan ń sọ pé àgbo ni wọ́n ń fún Dorica nílé, àti pé Màmá ò fẹ́ẹ́ gbé ọmọ ọmọ wọn mọ́ torí ojú àwọn ènìyàn. Irọ́ ni ìwé náà. A ti fagi lé e, a ti fagi lé ìpè náà pẹ̀lú. A bẹ Bàbá Wyson pé kí wọ́n ka ìwé tòní yìí sókè níwájú gbogbo abúlé àti nínú ìjọ, kí ẹnikẹ́ni má fojú burúkú wo ìyá yìí mọ́.

Ọ́fíìsì yìí jẹ́jẹ̀ẹ́ wàrà àti ìtọ́jú ọmọ náà títí yóò fi bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé, a ó sì dúró ti Ọ̀gbẹ́ni Lifa nínú ohunkóhun tó bá nílò. Mo ti kọ ohun tí mo ṣe ránṣẹ́ sí olú-ìlú, mo sì ń retí ohun tí wọ́n bá fi ṣe mí. A ti já àgádágodo ilé ìtọ́jú mẹ́jọ. Mẹ́rìnlá ṣì wà ní títì bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, gbogbo wọn ló gba àmì Ó wà, gbogbo wọn náà sì ni obìnrin ń rìn lọ bá láàárọ̀ yìí pẹ̀lú báàfù àti aṣọ ọmọ lórí. Mi ò lè sùn. Ọ̀la ni mo máa bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sọ́dọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Aago Dorica wà nínú àpò ìwé yìí. A ò tẹ nǹkan kan lára rẹ̀ láti ìgbà tí Ireen ti dá a dúró, ẹ sì máa rí nọ́ńbà náà lójú rẹ̀. Mo ti mú fọ́ọ̀mù Namikute jáde, mo kọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n padà síbi tí mo ti pa á rẹ́, mo sì kọ mẹ́rìndínláàádọ́ta sí abẹ́ rẹ̀.

Kí Ọlọ́run tó rí gbogbo ìṣẹ́jú náà tu Ọ̀gbẹ́ni Lifa nínú, kó dá ọmọ tuntun yìí sí, kó sì fi agbára fún Bàbá Wyson láti kó ilé yìí mọ́ra. Màmá Estele, kí Ó nu omijé ojú yín nù, kí Ó sì jẹ́ kí oorun tún máa kùn yín. Ẹ gbé ọmọ ọmọ yín. Ẹ ò pẹ́ rárá.

Dókítà Felix Kamtengo
fún Ọ́fíìsì Ìlera Àgbègbè Nkhulande