Nítorí Pé Mo Fọ Owó Ìyá Àgbà

Idigny

Hervé ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí gbogbo ará ilé tí ẹ jọ ń gbé ní Kutọnu, títí kan onílé yín bí inú rẹ̀ bá dùn lóṣù yìí. Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ ní títì. Ní tiwa, ara le. Àgbàdo ti gbó, ewúrẹ́ bàbá rẹ bí ìbejì, àbúrò rẹ Aurore náà sì bí ọkùnrin, bí o ti gbọ́. Mo ní kí n kí ọ tán kí n tó bínú. Mo ti kí ọ tán.

Nígbà tí o wá gba owó fàdákà ìyá àgbà rẹ lọ́wọ́ mi, o ní àwọn kan wà ní òkè òkun tó ń yẹ owó àtijọ́ wò, tí wọ́n ń sọ bóyá ojúlówó ni, tí wọ́n sì ń fún un ní máàkì, kí ẹni tó bá fẹ́ rà á má baà rò pé wọ́n ń rẹ́ òun jẹ. Mo ní ta ló fẹ́ tà á? O ní a ò tà á, a kàn fẹ́ mọ iye tó tó ni. Ó dáa. Owó ń lọ ṣe ìdánwò lọ́dọ̀ òyìnbó, ṣé pẹ̀lú ìdọ̀tí ni kí n fi ránṣẹ́? Mo fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́, mo fi yanrìn ha á títí ojú obìnrin tó wà lára rẹ̀ fi ń dán. Ọjọ́ tí ìwọ náà kọ́kọ́ lọ iléèwé, ṣé mi ò wẹ̀ ọ́ ni?

Ó wá dé, wọ́n ti dé e mọ́ inú ike líle tí kò ní ojú ibi tí a lè ti ṣí i. Olùkọ́ Fidèle ka ìwé pélébé inú rẹ̀, tí wọ́n fi èdè òyìnbó kọ, fún mi. Ó ní ojúlówó ni, ṣùgbọ́n ẹnì kan ti fọ̀ ọ́, nítorí náà wọn ò fún un ní máàkì. Ó ní bí owó àtijọ́ bá ti dúdú, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fẹ́ kó wà. Mo bi í bóyá òdo ni wọ́n fún un. Ó ní rárá, kò sí nǹkan kan. Hervé! Ọmọ Lábọ̀dé tó ń sùn ní kíláàsì, wọ́n ṣáà ń fún un ní òdo. Irú ilé ìdánwò wo ni wọ́n ti ń fìyà jẹ ẹni tó wẹ̀? Bàbá rẹ ní kí n fi wọ́n sílẹ̀, pé bóyá omi wọ́n níbẹ̀.

O sì mọ̀ pé nílé wa, inú omi ìwẹ̀ ọmọ tuntun ni owó yìí ń wà lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, kí a tó fi í lé e lọ́wọ́. Mo pè ọ́ lórí tẹlifóònù. O ní n má ṣí ike náà o, pé tí mo bá ṣí i, ẹ̀rí àwọn òyìnbó ti bọ́ lára rẹ̀ nìyẹn, pé kí n kúkú sọ owó náà tòun ti ike rẹ̀ sínú omi. Kí n fi ike wẹ ọmọ! Ìwọ tí o di owó yìí mú lọ́jọ́ tìrẹ, tí gbogbo ẹbí fi ń dúró kí o sùn kí a tó rí i gbà. Ó dùn mí, mi ò purọ́.

Mo ti fọ́ ike náà. Ọmọ ọlọ ni mo fi fọ́ ọ láàárọ̀ yìí, lójú gbogbo èèyàn tó wá síbi ìsọmọlórúkọ. Bí àwọn òyìnbó rẹ bá béèrè, sọ fún wọn pé owó náà ti kúrò ní iléèwé.

Fi owó ọṣẹ ọmọ ránṣẹ́, àti ti alùpùpù bàbá rẹ tí kì í fẹ́ jí láàárọ̀. Fi gba orí tẹlifóònù Aurore. Èyí tí o fi ránṣẹ́ nígbà ìkórè dín kù kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Bó bá jẹ́ pé wọ́n fọ ìyẹn náà ni, sọ fún wọn kí wọ́n jẹ́ kí eléyìí dọ̀tí bó ṣe wà.

Ọlọ́run á fún ìwọ náà ní ọmọ tìrẹ, á sì dá ẹ̀mí mi sí kí n wẹ̀ ẹ́. A sọ ti Aurore ní Tolúwalàṣẹ. Ó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, kò sì tíì tú ọwọ́ lára owó náà. Kò béèrè lọ́wọ́ mi bóyá mo fọ̀ ọ́.

Èmi ìyá rẹ,
Célestine