Màmá Títílọlá Ọláníyì (1960–2025): Ọdún Mẹ́wàá Nídìí Abọ́ Ọ̀tọ̀

Ẹrù ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà lórí ìyá wọn, wọ́n ń ti oko Ìkirè-Ilé bọ̀, nígbà tí ìrọbí mú wọn lójú ọ̀nà. Kí wọ́n tó délé, ọmọ ti wáyé. Bí a ṣe bí Màmá Títílọlá nìyẹn, ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹjọ, ọdún 1960, sínú ìdílé Olóògbé Titus àti Fọláṣẹwà Adémúyìwá, ọmọ Ìkirè.

Ní 1980 wọ́n gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́. Ọdún márùndínlógójì ni wọ́n fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Àpòmù.

Ní 1985 wọ́n fẹ́ Othniel Ọláníyì, akọ̀wé kóòtù. Abọ́ kan náà ni tọkọtaya ń jẹ. Màmá a ti ẹran sí ọkọ, ọkọ a tì í padà. Màmá a ní, “Akọ̀wé, ẹ jẹ ẹran yín. Kì í ṣe ẹjọ́ tí ẹ ó máa sún síwájú.”

Ní 2014, Àyànfẹ́olúwa, àkọ́bí wọn, bímọ, ó sì nílò ẹ̀jẹ̀. Màmá na apá. Ilé ìwòsàn kò gba ẹ̀jẹ̀ wọn: kòkòrò àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀, tí í máa ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀, wà nínú rẹ̀. Othniel ra abọ́ tánganran kan fún wọn, lọ́tọ̀. Kò béèrè lọ́wọ́ dókítà kankan. Màmá kò jiyàn. Ọdún mẹ́wàá ni wọ́n fi dá jẹun lápá kejì tábìlì. Àárò wọn ń sọ Othniel, bẹ́ẹ̀ wọ́n wà níwájú rẹ̀.

Ní 2024, ikùn Màmá wú; àrùn náà ti ba ẹ̀dọ̀ wọn jẹ́. Nọ́ọ̀sì kan ní Ìbàdàn ló là á yé Othniel: ẹ̀jẹ̀ àti ìbálòpọ̀ ni àrùn náà ń bá rìn, ìyá sì lè kó o ran ọmọ nígbà ìbí, kì í gba inú abọ́ oúnjẹ ràn. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ Othniel àti àwọn ọmọ wò. Kò sí lára ẹnikẹ́ni. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gba abẹ́rẹ́ àjẹsára.

Lọ́jọ́ kejì, Othniel gbé àga rẹ̀ sọ́dọ̀ Màmá.

“Akọ̀wé, ẹ ò bẹ̀rù mọ́?”

“Má bínú, Títí. Iyán ń tutù.”

Màmá ti ẹran sí i.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, wọ́n dìde láàárín ẹgbẹ́ ìyá ìjọ, wọ́n ní, “Ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò. Ẹ má sì yẹra fún aláìsàn.” Obìnrin mọ́kànlá ló lọ.

Oṣù márùn-ún ni tọkọtaya fi jọ jẹun. Màmá dákẹ́ ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹta, 2025.

Ọkọ wọn, Othniel, gbẹ̀yìn wọn, pẹ̀lú ọmọ méjì, Àyànfẹ́olúwa àti Ayọ̀kúnmi, àti ọmọ-ọmọ márùn-ún.

Màmá Títílọlá, ibi tí ẹ sùn sí, kí ó tù yín lára.

Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí Màmá gbìn sẹ́yìn ilé ti tó já.