Aago Tí Mo So Mọ́ Yín Lọ́wọ́

Bàbá mi àtàtà, olówó orí ìyá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ rántí eyín mi tó kán lọ́jọ́ tí mo ṣubú lórí kẹ̀kẹ́ níwájú ìsọ̀ yín ní Kakpagyili? Mo ti fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Dókítà eléyín ri irin kékeré kan sínú eegun àgbọ̀n mi, ó gbé eyín tuntun lé e. Mo rẹ́rìn-ín sí dígí títí, àfi bí ìyàwó tuntun. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni mo fi rẹ́rìn-ín.

Ètè mi wú, erìgì ń ta mí. Tùò, òkèlè ọkà tí Ìyá rò wá, ń rí lẹ́nu mi bí ìgbà tí èèyàn bá lá sípánà. Dókítà ní àfàìmọ̀ kí ara mi má kọ irin náà. Bẹ́ẹ̀ ó sì ti bi mí kó tó ṣe é, bóyá irin máa ń bá ara ẹnikẹ́ni jà nílé wa. Mo ní kò sí. Fìrì ni mo sọ ọ́, bí Ìyá ti kọ́ wa.

Haba, Bàbá! Ta ni ò mọ̀? Ẹ̀yin tí ẹ ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, àkísà lẹ fi ń di sípánà mú. Ẹ rán aṣọ sẹ́yìn irin bẹ́líìtì yín. Bí ẹ bá gbàgbé pẹ́nrẹ́n, ara yín á sú, ẹ ó máa họ ọ́ títí á fi ṣẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìyá ní a ò gbọdọ̀ sọ ọ́ síta, kí aráyé má lọ sọ pé ẹ̀tẹ̀ wà nílé wa, kí ọkọ má baà wọ́n wa. Wọ́n ti fẹ́ gbogbo wa tán, ẹ̀rù yẹn ò tíì kúrò lẹ́nu wa.

Ohun tó wá ń dẹ́rù bà mí nìyí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ara bẹ̀rẹ̀ sí í sú mi lọ́rùn ọwọ́ òsì. Dókítà ní irin tó wà lẹ́nu lè fara hàn níbòmíràn. Mo gbà. Àmọ́ ohun tó sú náà yí ọrùn ọwọ́ mi po tẹ́ẹ́rẹ́, ó wá ya igun mẹ́rin lókè. Bàbá, mi ò so aago mọ́wọ́ rí láyé mi.

Ẹ̀yin náà ò so ó. Aago irin onígun mẹ́rin tí ìjọ fi ta yín lọ́rẹ, inú páálí ló wà títí ẹ fi kú. Èmi ni mo mú un jáde lọ́jọ́ ìsìnkú. Ìyá kàn ń wò mí. Mo ní ẹni iyì kì í lọ lọ́wọ́ òfo. Èmi fúnra mi ni mo so ó mọ́ yín lọ́wọ́ òsì, mo sì fún un pinpin. Kí ló ṣe mí gan-an? Ṣé ẹ ti ń họ ọ́ láti ìgbà náà?

Lánàá, nílé ní Gurugu, mo tú àpótí irinṣẹ́ yín, mo rí àkísà kan tó ṣì ń rùn gíríìsì. Mo wé e mọ́ ọrùn ọwọ́ mi. Kíá ni yíyún náà dáwọ́ dúró. Orí mi wú. Mo ya á sí méjì, mo wé ìdajì padà mọ́ ọwọ́ mi, mo sáré wá sí ibojì yín lọ́sàn-án gangan, mo fọwọ́ wa ilẹ̀ lápá òsì, mo ri ìdajì kejì síbẹ̀. Ẹ fi sábẹ́ aago náà, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má bínú sí mi.

Lọ́jọ́bọ̀ ni dókítà máa yọ irin náà. Mo ti jẹ́wọ́ fún un pé ọ̀dọ̀ bàbá mi ni mo ti jogún ara tó ń kọ irin. Ètè mi ṣì wú. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé tí mo tú àkísà kúrò lọ́wọ́, àmì onígun mẹ́rin yẹn ò sí níbẹ̀ mọ́. Bàbá, ṣé ẹ ti rí àkísà náà gbà ni?

Èmi ni, ọmọ yín obìnrin tó fẹ́ràn yín, tí kò wo ọwọ́ yín dáadáa nígbà tí ẹ wà láyé.