Ẹgbẹ́ Sáyẹ́ǹsì Tí Kò Lè Jẹun ní Alajue

                                        Agboolé Ọláníyan,
                                        Ẹdẹ,
                                        Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
                                        18 Oṣù Kẹsàn-án, 2024.

Mọ́tọ́lá, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé àlàáfíà lo wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Ahmad ti ń rìn, àbí ó ṣì ń rá kiri? Ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá yín, ṣé ó ti fúyẹ́ díẹ̀? Ara tiwa náà le níbí, Alhamdulillahi. Òjò ò jẹ́ ká gbádùn, ọ̀nà Alajue ti di ẹrọ̀fọ̀, mo sì ti padà sẹ́nu iṣẹ́ físíìsì mi láàárín àwọn ọmọ tí kò fẹ́ gbọ́ nǹkan kan.

O ní o rí àwòrán ẹgbẹ́ wa lórí Fesibúùkù, pé orí rẹ wú, pé o fẹ́ dá ẹ̀ka tiyín sílẹ̀ ní Ìlọrin. Jọ̀ọ́, fara balẹ̀. Mo ti kúrò níbẹ̀. Ẹgbẹ́ Sáyẹ́ǹsì fún Mùtúmùwà ni wọ́n ń pe ara wọn, ṣùgbọ́n mùtúmùwà kọ́ ni wọ́n ń ṣe é fún, fótò ni wọ́n ń ṣe é fún. Jẹ́ kí n rò fún ọ.

O rántí Ìyá Níkẹ́, àbúrò ìyá mi tó lọ́kọ sí Alajue, tí wọ́n ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ fún àwọn tó ń ṣe gàrí. Ní ìparí oṣù keje, òjò ńlá kan rọ̀, àrá sì sán lu ilé ìdáná wọn. Ó la òpó kan sí méjì, ó pa ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ ọn. Kò séèyàn tó fara pa. O mọ bó ṣe máa ń rí lọ́dọ̀ wa. Tí Ṣàngó bá ti jà nílé kan, kò sẹ́ni tí í jẹ, tí í mu níbẹ̀ títí àwọn oníṣàngó á fi ṣe ètùtù. Bàbá Ṣàngóyẹmí, olórí àwọn oníṣàngó níbẹ̀, wá bá Ìyá Níkẹ́ kẹ́dùn lọ́jọ́ kejì, wọ́n sọ ohun ètùtù tí ó máa wá, wọ́n sì ní kí ó fọkàn balẹ̀.

Ni Zakariyah, alága ẹgbẹ́ wa, bá gbọ́. Ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ gan-an gbọ́dọ̀ pè ní Ọ̀mọ̀wé kó tó dáhùn. Inú rẹ̀ dùn bí ẹni tí wọ́n pè síbi ìkómọ. Ó kó wa sínú bọ́ọ̀sì, gbogbo wa nínú fáníìlà tuntun, ó di Alajue. Ó gba makirofóònù, ó ṣàlàyé pé iná ló ń ti inú ìkùukùu já wálẹ̀. Kí n má purọ́, àlàyé náà pé, torí èmi ni mo kọ ọ́ fún un. Ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ bí ẹni ń bá ewúrẹ́ wí. Ó ní àìmọ̀kan ló ń dẹ́rù ba àwọn àgbà, Bàbá Ṣàngóyẹmí sì jókòó níwájú rẹ̀ níbẹ̀. Ó ní kí Ìyá Níkẹ́ má ṣe ètùtù kankan, kí wọ́n padà sí ilé ìdáná wọn, pé ẹgbẹ́ wà lẹ́yìn wọn gbágbáágbá. Ìyá Níkẹ́ wo ojú mi, wọ́n sì gbà.

Ìyá mi yìí bá wọ ilé ìdáná, wọ́n gún iyán, wọ́n se ẹ̀fọ́ fún wa. Gbogbo àdúgbò jáde wá wòran. Bí àwọn tó ní kò sí nǹkan bá jẹ ẹ́, a jẹ́ pé kò sí nǹkan lóòótọ́. Zakariyah wo abọ́ iyán, ó wo òpó tó là, ó ní òun ti jẹun kóun tó kúrò nílé. Akápò ní ọgbẹ́ inú ń da òun láàmú. Najeem akọ̀wé, tó mu piọ́ wọ́tà nínú bọ́ọ̀sì lójú gbogbo wa, ní òun ń gbààwẹ̀! Wọ́n ní kí wọ́n di tàwọn sínú lẹ́ílọ́ọ̀nù, wọ́n sì “gbàgbé” lẹ́ílọ́ọ̀nù náà sórí bẹ́ǹṣì. Èmi nìkan ni mo jẹ, mo sì jẹ ẹ́ tán. Kí ni jíjẹ tèmi máa ṣe? Àwọn ará àdúgbò ní ọmọ ilé ni mí, pé ó di dandan kí n jẹ.

Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó gbé ẹ̀gẹ́ wá fún Ìyá Níkẹ́ mọ́. Wọ́n á gbé e kọjá níwájú ilé, ó di ọ̀dọ̀ ẹlẹ́rọ mìíràn ní Sekona. Mo pe Zakariyah, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó wá jẹ òkèlè kan péré lójú àwọn èèyàn. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì dá mi lóhùn pé ètò ọjọ́ náà ti yọrí sí rere. Nígbà tí mo tún pè, kò gbé e. Irú èèyàn wo nìyẹn?

Nígbà tó sú Ìyá Níkẹ́, wọ́n lọ bẹ Bàbá Ṣàngóyẹmí. Bàbá ò fi wọ́n ṣẹ̀sín rárá. Wọ́n ṣe ètùtù, wọ́n sì kọ́kọ́ jẹun níbẹ̀ kí ẹlòmíì tó jẹ. Ẹ̀gẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Kò pẹ́ ni Zakariyah tún yọjú pẹ̀lú kámẹ́rà, ó ní òun wá wo bí iṣẹ́ òun ṣe so èso. Ìyá Níkẹ́ kì í lé àlejò, wọ́n gbóúnjẹ fún un. Mọ́tọ́lá, ó jẹ ẹ́. Ó tún ní kí wọ́n fi ẹran kún un. Ojú mi ló ṣe, mo sì bọ́ fáníìlà wọn sílẹ̀ fún un lọ́jọ́ náà.

Ì bá dáa ká ní ibẹ̀ ló parí sí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn nọ́ọ̀sì wá sí Alajue láti fún àwọn ọmọdé lábẹ́rẹ́ àjẹsára èèyi. Ìyá Níkẹ́ gbé Ifáṣeun, ọmọ Níkẹ́, wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Wọ́n ní àwọn ò gba ọ̀rọ̀ àwọn alákọ̀wé gbọ́ mọ́, pé ohun tí wọ́n ń sọ fúnni, àwọn fúnra wọn ń sá fún un. Mo bẹ̀ wọ́n títí, wọ́n ní kí n máa lọ sílé. Èèyi sì ti wọ àdúgbò kejì wọn. Èyí ló ń bí mi nínú ju gbogbo rẹ̀ lọ. Àwọn aláṣehàn yẹn ti lọ fi ẹnu wọn ba ọ̀rọ̀ gidi jẹ́, wọ́n sì ń sùn dáadáa.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti ìyá yín. Fi ẹnu ko Ahmad lẹ́nu fún mi. Ọjọ́ Ẹtì ni àwọn nọ́ọ̀sì ń padà bọ̀ sí Alajue. Mò ń gbé Kúlúsúmù, ọmọ tèmi, lọ, kí wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ tirẹ̀ lórí itan Ìyá Níkẹ́ gan-an, lójú wọn. Bóyá wọ́n á ṣílẹ̀kùn. Bá mi ṣe àdúà.

Èmi ni, Azeemah rẹ tí inú rẹ̀ ò tíì rọ̀.