Àmì Tó Wà Nínú Èèkù Ọ̀bẹ Ìyá Wa

Ẹ̀yìn Ọjà Ẹja,
Sakai.
Ọjọ́ kẹta, oṣù Kọkànlá, 1987.

Ẹ̀gbọ́n mi Kiyoharu,

Fusae, àbúrò yín, ló ń kí yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí. Mo gbàdúrà kó bá yín nínú àlàáfíà, kí èéfín iná irin má sì tíì ba àyà yín jẹ́. Ara tèmi le, ọkàn mi ni kò balẹ̀. Ọdún mọ́kànlélógún rèé tí mi ò ti kí yín, torí òkú ni mo mọ̀ yín sí.

Ìyá wa ti kú. Mi ò mọ bí èèyàn ṣe ń rọra sọ ọ́. Ogúnjọ́ oṣù tó kọjá ni, láàárọ̀. Ọjọ́ tó ṣáájú, ó ṣì ń bá mi jà pé mo gé àlùbọ́sà tóbi jù.

Nígbà tí a tẹ́ ẹ, ọ̀bẹ ara rẹ̀ ni mo gbé lé e láyà kó máa ṣọ́ ọ: èyí tó gùn jù nínú mẹ́ta tí bàbá fi sílẹ̀. Kí wọ́n tó pa pósí dé, mo ní kí n mú un kúrò, ni èèkù bá dá mọ́ mi lọ́wọ́. Omi ẹja ti jẹ igi náà tán. Lára irin tó wà nínú rẹ̀ ni mo ti rí ilà mẹ́ta àti ẹyọ ihò kékeré kan lábẹ́ wọn. Ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ̀ ọ́n. Àmì tí ẹ fín sí òpó ilé ìdáná wa nìyẹn, tí ìyá fi ìgbakọ nà yín lé e lórí. Ojoojúmọ́ ni mò ń nu òpó yẹn.

Ẹ ò mọ̀ pé bàbá sọ fún wa pé ọkọ̀ ojú omi rì mọ́ yín lórí, lọ́dún tí ẹ sá kúrò ní ṣọ́ọ̀bù ẹja wa. Ó gbé fọ́tò yín kalẹ̀, ó tan tùràrí sí i.

Mo gbé ọ̀bẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sí ilé ìtajà tí orúkọ rẹ̀ wà lára wọn. Ọ̀gbẹ́ni ibẹ̀ ní orúkọ tàwọn nìyẹn, pé ní Sakai níbí, alágbẹ̀dẹ kì í kọ orúkọ síta, kí n lọ bi Bàbá Inada tó ń bá wọn fi èèkù sí ọ̀bẹ. Bàbá Inada yọ èèkù méjì tó kù. Àmì kan náà ni. Ó ní, “Ọwọ́ Kiyoharu ni. Òdìkejì odò Yamato ló ń gbé. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló ránṣẹ́ sí wa.” Mo ní ẹni yẹn ti kú. Ó ní, “Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Bàbá rẹ mọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló gbé ọ̀bẹ yìí wá fún èèkù tuntun. Tí mo bá yọ ti àtijọ́, á ní kí n dúró ná, á fi àtàǹpàkò rọra pa àmì yẹn lórí. Á wá ní, ‘Bò ó. Ìyàwó mi ò gbọ́dọ̀ gbọ́.’”

Ọdún mẹ́fà ti kọjá tí bàbá ti kú, mi ò rí i bi. Bàbá Inada ní ìfẹ́ ni. Èmi ò gbà. Òun nìkan ló dá jẹ ayọ̀ yẹn, ẹkún ló fi sílẹ̀ fún ìyá. Kí ló sọ fún ẹ̀yin náà? Tó bá ní ìyá ò fẹ́ rí yín mọ́, irọ́ ni. Kò sí àárọ̀ kan tí kò gbé ìrẹsì gbígbóná síwájú fọ́tò yín.

Lánàá, mo dé ẹnu ọ̀nà yín. Mo gbọ́ òòlù. Mi ò lè wọlé wá fi ẹnu mi sọ ọ́ fún yín, mo bá yí padà.

A ti sun òkú rẹ̀; ilé ni egungun rẹ̀ wà títí di ọjọ́ kọkàndínláàádọ́ta ikú rẹ̀, ìyẹn ọjọ́ keje oṣù Kejìlá. Mi ò ní jẹ́ kí ẹlòmíràn gbé e lọ sí ibojì. Ẹ wá gbé ìyá yín.

Kí iná má ṣe jó yín, kí ọwọ́ yín má rọ, kí ìyá wa máa ṣọ́ yín bọ̀ wálé.

Èmi ni àbúrò yín tí ẹ máa ń pọ̀n,
Fusae.

Mo tún rántí: Bàbá Inada fẹ́ fi èèkù tuntun sí i, mo ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Látìgbà tí bàbá ti kú, ojoojúmọ́ ni ìyá ń fi ọ̀bẹ yẹn la ẹja. Igi tín-ín-rín yẹn nìkan ló wà láàárín ọwọ́ rẹ̀ àti tiyín.