Ìyá Dáre Bẹ̀ Mí Nítorí Ọ̀nà

Sátidé, ìrọ̀lẹ́.

Mo lọ kí Ìyá Dáre lónìí ní abà wọn lẹ́yìn Emùré. Ọkọ rẹ̀ tó ṣaláìsí ló máa ń kó àwọn àgbẹ̀ kòkó jọ fún mi nígbà ìbò. Ibà ló mú un. Ọ̀kadà tó ń gbé e lọ sí ọsibítù rì sínú ẹrọ̀fọ̀ lójú ọ̀nà abà náà, ibẹ̀ ló sì kú sí.

Ọkọ̀ tèmi náà rì níbẹ̀. Àwọn ará abà ló tì í jáde, ẹrọ̀fọ̀ sì bo bàtà àti ṣòkòtò mi.

Mo ti ń ro ohun tí màá sọ bí wọ́n bá bi mí. Sáà kejì mi rèé nílé aṣòfin, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì ti ṣèlérí ọ̀nà yẹn. Ẹnikẹ́ni ò bi mí. Opó náà bu omi wá kí n fi ṣan ẹsẹ̀.

Ó ní, "Ẹ má bínú, Ọnọrébù. Ọ̀nà ulé wa yìí ni ò dáa."

Mo ní, "Kò burú, Ìyá Dáre." Bí ẹni pé òun ló ṣẹ̀ mí, tí mo sì dárí jì í. Mo tún jẹ iyán wọn.

Ìyàwó mi bèèrè bí wọ́n ṣe gbà mí. Mo ní wọ́n gbà mí dáadáa. Òótọ́ sì ni.